Èdè-Ìperí fún Kíkọ́ Gìtá Béèsì: Ọsán, Ìdábùú àti Owó Ìyálò

Ìfáárà

Kókó ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni irú ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ máa lò ní èdè Yorùbá nígbà tí ẹnì kan bá ń fi ètò orí kọ̀ǹpútà tàbí ti orí fóònù kọ́ bí a ṣe ń ta gìtá béèsì. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni èyí, pé kò tó ohun tí onímọ̀ èdè ń fi àkókò ṣòfò lé lórí. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ìmọ̀ físíìsì, ìṣirò, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀ àdéhùn òwò ni ó pàdé lórí ọrùn gìtá kan ṣoṣo. Èdè tí ó bá lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èdè náà tó gbangba-á sùn lọ́yẹ́.

Àdúgbò tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ni Ìyànà-Ìbà. Oríta ni, níbi tí ọ̀nà Ìbà ti yà kúrò lára títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Bàdágìrì. Ilẹ̀ Àwórì ni. Àwọn Ègùn sì jẹ́ aládùúgbò wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, kò jìnnà sí oríta náà. Ọjà Alábà, níbi tí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ti pọ̀ lọ súà, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ kan náà. Okokomaiko sì wà níwájú díẹ̀ lójú ọ̀nà Bàdágìrì. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, ẹ̀rọ kò sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ máa ta béèsì nínú ẹgbẹ́ akọrin kò ní láti dúró de ọ̀gá tí yóò gbà á ṣe ọmọ iṣẹ́. Ó lè gba ètò ẹ̀kọ́ sórí fóònù rẹ̀ kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Gẹ̀ẹ́sì ni ètò náà ń sọ sí i. Yorùbá ni òun àti ẹni tí ó jókòó tì í fi ń sọ ohun tí ojú wọn rí. Àárín èdè méjèèjì yìí ni iṣẹ́ tiwa wà.

Ibi tí a bá iṣẹ́ dé

Iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ní 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa. Nínú iṣẹ́ náà, Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí wọ́n fi parí ọdún kẹfà. Ní 1984 ni ìdìpọ̀ kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayo Bamgbose jẹ́ olóòtú rẹ̀. Ìdìpọ̀ kejì tẹ̀ lé e ní 1990, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladele Awobuluyi ṣe olóòtú. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ìwé méjèèjì gbájú mọ́. Ọ̀rọ̀ orin àti ẹ̀rọ orin kò sí lára ohun tí wọ́n dáwọ́ lé.

Ó yẹ kí a rántí pé ọ̀rọ̀ yìí kò dá lórí orin nìkan. Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni jákèjádò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 ni ìjọba fagi lé ìlànà náà. Nígbàkúùgbà tí irú àríyànjiyàn yìí bá ṣẹlẹ̀, ohun kan ni àwọn alátakò máa ń kọ́kọ́ sọ: pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ ìmọ̀ òde òní. Kò sí ẹjọ́ tí a lè rò tí yóò dá wọn lóhùn tó kí a mú iṣẹ́ kan pàtó, kí a fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ yanjú, kí a sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́.

Ìlànà mẹ́rin ni a ó tẹ̀ lé. Èkíní, a ó kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti onílù ti ń pe nǹkan náà. Èkejì, bí kò bá sí, a ó wo ọ̀rọ̀ tí a lè fi ìtumọ̀ rẹ̀ gbòòrò sí i. Ẹ̀kẹta, a ó fi àpèjúwe ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin, bí gbogbo èyí bá kọ̀, a ó yá ọ̀rọ̀ lò láti inú Gẹ̀ẹ́sì, a ó sì kọ ọ́ bí ẹnu Yorùbá ti ń pè é. Gìtá fúnra rẹ̀ àti béèsì ti gba ọ̀nà kẹrin yìí wọlé. Kò sí ẹni tí yóò tún lé wọn jáde mọ́.

Ohun tí àwọn onílù ti fi sílẹ̀

Kí gìtá tó dé ni Yorùbá ti ń lo ohun èlò orin tí ó ní okùn. Mólò ni a ń ta. Gòjé ni a ń fi ọrun fà. Yusuf Olatunji tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Lẹ́gbàá fi gòjé gbé orin sákárà ga. Nígbà tí gìtá wá wọ inú orin jùjú, Ayinde Bakare ni ó fi iná mọ̀nàmọ́ná sí i ní 1949. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ Ebenezer Obey àti ti Sunny Ade ti ń lo gìtá púpọ̀ pa pọ̀, béèsì sì wà lára wọn. Iṣẹ́ tí béèsì ń ṣe, èyíinì ni kí ó dúró sí ìsàlẹ̀ orin kí ó máa tún gbólóhùn kúkúrú kan sọ, ni àgídìgbo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nínú orin àpàlà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ nínú àwo Haruna Ishola. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni béèsì: kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, orin á wó.

Ohun àkọ́kọ́ tí ògún yìí fún wa ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo fún gbogbo ohun èlò orin. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀: ìlù ni a ń lù, fèrè ni a ń fọn, dùùrù ni a ń tẹ̀, mólò ni a ń ta. Lórí gìtá béèsì, ọwọ́ méjì ni ó ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe. Ọwọ́ òsì ń tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn náà kí ó lè dún. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ bá pàṣẹ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nǹkan ní ojú àmì kẹta, ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “lu ẹ̀kẹta” ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. “Tẹ ẹ̀kẹta, kí o sì ta á” ni ìtumọ̀ tí ó péye. Níhìn-ín, Yorùbá là á yéni ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ọsán

Ohun kejì ni orúkọ okùn gìtá. “Okùn” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn mélòó ni ó wà lára ẹni tí ó gbé béèsì kọ́rùn? Okùn wà tí ó fi gbé e kọ́ èjìká. Okùn iná wà tí ó so gìtá mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Okùn mẹ́rin mìíràn sì wà tí ó ń ta. Bí olùkọ́ bá ní “wo okùn rẹ”, èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wò?

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá iṣẹ́ yìí mu, èyíinì ni ọsán. Okùn ọrun ọdẹ ni à ń pè ní ọsán. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi so ojú dùndún méjèèjì pọ̀ náà sì ń jẹ́ ọsán. Nínú méjèèjì, ohun tí a fà le ni, tí agbára rẹ̀ sì wà nínú fífà náà. Onídùndún tí ó fún ọsán mọ́ra mọ̀ pé ohùn ìlù yóò lọ sókè, bí ó bá sì dẹ̀ ẹ́, ohùn yóò wálẹ̀. Ìmọ̀ físíìsì kan náà ni ó wà nídìí gìtá. Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu iye ìgbà tí ọsán yóò gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: gígùn rẹ̀, bí a ti fà á le tó, àti bí ó ti wúwo tó. Bí ó bá gùn, tí ó dẹ̀, tí ó sì wúwo, yóò máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò sì wà ní ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọsán béèsì fi gùn tí ó sì nípọn ju ti gìtá yòókù lọ.

Ọsán mẹ́rin ni béèsì sábà máa ń ní. Bí a bá ta wọn láìtẹ̀ wọ́n, èyí tí ó nípọn jù lọ ń gbọ̀n ní ìgbà 41.2 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó tẹ̀ lé e ń gbọ̀n ní ìgbà 55, ẹ̀kẹta, 73.4, èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ, 98. A dá a lábàá pé kí a máa pe èyí tí ó nípọn jù ní ìyá-ọsán, ní àfiwé ìyá-ìlù, kí a sì máa pe èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ní ọmọ-ọsán. Orúkọ yìí yóò mú ìdàrúdàpọ̀ kan kúrò. Nígbà tí a bá gbé gìtá mọ́yà, ìyá-ọsán ni ó súnmọ́ ojú wa jù, èyíinì ni pé ó wà lókè. Ohùn rẹ̀ sì ni ó wà nísàlẹ̀ jù. Bí olùkọ́ bá kàn ní “lọ sókè”, ọ̀nà méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà gbọ́ ọ. Kí a fi “òkè” àti “ìsàlẹ̀” mọ sí ọ̀rọ̀ ohùn nìkan. Kí a sì fi “síhà orí gìtá” àti “síhà ara gìtá” darí ọwọ́.

A gbọ́dọ̀ kìlọ̀ lórí àmì ohùn. Ọsán, ọ̀sán àti ọsàn: okùn ọrun ni àkọ́kọ́, ìgbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí ni èkejì, èso ni ẹ̀kẹta. Bí ẹni tí ń ṣe ètò orí fóònù bá yọ àmì kúrò nítorí pé ó rọrùn láti tẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò di ọ̀kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kí ó ta ọsán yóò sì rò pé a ní kí ó lọ ṣòwò ní ọjà. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fún èdè-ìperí. Apá kan lára ọ̀rọ̀ ni.

Ìdábùú àti àyè

Lórí ọrùn gìtá ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí a tẹ́ ní ìbú. Nígbà tí Leo Fender gbé béèsì tí ó pè ní Precision jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1951, àwọn irin yìí ni ó fún un ní orúkọ náà: nítorí wọn, olórin lè bá ohùn tí ó fẹ́ pàdé gẹ́lẹ́, láìdàbí béèsì onígi ńlá tí ọrùn rẹ̀ tẹ́jú, tí a kàn ń fi etí wá ohùn lórí rẹ̀. “Fret” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irin náà. Ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá ni ìdábùú. Àwọn olùkọ́ ìṣirò lè sọ pé àwọn ti ní ìdábùú òbírí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kan náà ni ó wà nídìí méjèèjì, èyíinì ni ohun tí ó là á kọjá ní ìbú, kò sì sí ibi tí òbírí àti ọrùn gìtá yóò ti pàdé nínú gbólóhùn kan tí ìtumọ̀ yóò fi dàrú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò tó. Gẹ̀ẹ́sì ń lo “fret” fún irin náà, ó sì tún ń lò ó fún àlàfo tí ó wà láàárín irin kan àti èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kí ó tẹ ẹ̀kẹta a sì máa fi ìka lé orí irin gan-an. Ọsán náà kò ní dún dáadáa, yóò máa kùn. Àlàfo ni ó yẹ kí ó tẹ̀, lẹ́yìn irin náà díẹ̀, kí irin lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, èyíinì ni kí ó gé gígùn ọsán kù. Nítorí náà, ìdábùú ni kí a máa pe irin, àyè ni kí a máa pe àlàfo. “Tẹ àyè kẹta, súnmọ́ ìdábùú rẹ̀”: gbólóhùn kan ṣoṣo yìí yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìnira.

Ibi tí a tẹ́ àwọn ìdábùú sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbá. Gígùn ọsán tí ó wọ́pọ̀ lórí béèsì jẹ́ íǹṣì 34. Ìdábùú kejìlá wà ní íǹṣì 17, èyíinì ni ìdajì gẹ́lẹ́. Ọsán tí a bá tẹ̀ níbẹ̀ yóò gbọ̀n ní ìlọ́po méjì. Ìdábùú keje wà ní nǹkan bí íǹṣì 11.3, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdábùú karùn-ún wà ní nǹkan bí íǹṣì 8.5, ìdá kan nínú mẹ́rin. Láti ìdábùú kan sí èkejì, iye ìgbọ̀n ń di ìlọ́po 1.0595, bí a bá sọ 1.0595 di púpọ̀ ní ọ̀nà méjìlá, 2 ni yóò fún wa. Olùkọ́ ìṣirò tí ń wá àpẹẹrẹ ìdá àti ìlọ́po tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, tí ó sì lè gbọ́ létí, kò ní rí èyí tí ó sàn ju ọrùn gìtá lọ.

Ipò karùn-ún àti ìdábùú keje

Ìṣòro kan tí ó máa ń dé bá akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ ònkà. Ètò ẹ̀kọ́ yóò sọ fún un pé kí ó wá ohùn karùn-ún, yóò sì tún ní kí ó tẹ àyè keje. Kí ló dé tí karùn-ún fi di keje?

Ẹni tí ó bá mọ ọjà ọrún ti mọ ìdáhùn náà. Bí a bá ná ọjà lónìí, òní ni ọjọ́ kìíní, ọ̀la ni ọjọ́ kejì, ọ̀túnla ni ẹ̀kẹta, títí a ó fi dé ọjọ́ karùn-ún tí a ó tún ná an. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó wà láàárín, síbẹ̀ ọrún ni à ń pè é, nítorí pé Yorùbá ń ka ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn olórin ń ka ipò ohùn: dó ni ìkíní, ré ni ìkejì, mí ni ìkẹta, fá ni ìkẹrin, só ni ìkarùn-ún. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ti mọ dó-ré-mí kò ṣàjèjì sí èyí. Ṣùgbọ́n ìdábùú kì í ka ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọsán tí a kò tẹ̀ ni òdo rẹ̀. Síwájú sí i, láti dó sí ré jẹ́ ìdábùú méjì, ré sí mí jẹ́ méjì, mí sí fá jẹ́ ẹyọ kan, fá sí só jẹ́ méjì. Àpapọ̀ wọn jẹ́ méje. Ònkà ọjà ni ònkà ipò. Ònkà ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ ni ònkà ìdábùú. Bí olùkọ́ bá sọ èyí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ náà á yé ọmọ títí láé.

A mọ̀ọ́mọ̀ lo “ipò” níhìn-ín dípò “ohùn”. Onímọ̀ èdè ti gba “ohùn” fún òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ohùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń fi wé ara wọn: ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè ga ju ohùn òkè àgbàlagbà lọ, ìtumọ̀ kò sì ní yí padà. Ti gìtá kò rí bẹ́ẹ̀. 55 ni 55, ẹnì yòówù kí ó ta á. Kí a máa pe èyí ní ìwọ̀n ohùn, kí a má baà da omi pọ̀ mọ́ epo.

Bí ètò náà ṣe ń gbọ́

Ètò orí fóònù ń gba ohùn gìtá láti ojú màíkì tàbí láti ojú okùn, yóò ṣírò iye ìgbọ̀n, yóò sì sọ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ta èyí tí ó yẹ ní àkókò tí ó yẹ. Yousician tí ó ti ilẹ̀ Finland wá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rocksmith ti ilé iṣẹ́ Ubisoft ní ilẹ̀ Faransé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni olùkọ́ nílò níhìn-ín.

Àkọ́kọ́ ni ìdádúró. Ìyá-ọsán ń gba nǹkan bí ìdá 24 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tí ó fẹ́ dá a mọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí ó gbọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọsán tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lórí gìtá olókùn mẹ́fà ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ní ìdá 3 nínú ẹgbẹ̀rún péré. Nítorí náà, ó ṣòro fún ẹ̀rọ láti gbọ́ béèsì kíákíá bí ó ti ń gbọ́ gìtá mìíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà pé òun ni ó pẹ́, kí ó kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe ìdádúró nínú ètò náà.

Èkejì ni ìró ìpìlẹ̀ àti ìró àgbàsókè. Ọsán kì í gbọ̀n ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí odindi rẹ̀ ti ń gbọ̀n ní ìgbà 41.2 ni ìdajì rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà 82.4, tí ìdá mẹ́ta rẹ̀ sì ń gbọ̀n ní ìgbà 123.6. Ti odindi ni ìró ìpìlẹ̀. Àwọn yòókù ni àgbàsókè. Sípíkà inú fóònù kéré jù láti gbé ìró ìpìlẹ̀ béèsì jáde. Àgbàsókè ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́, ọpọlọ rẹ̀ ni ó sì ń fi ìpìlẹ̀ kún un. Ẹni tí ó bá fi sípíkà fóònù nìkan kọ́ béèsì ń kọ́ ohun tí kò gbọ́ tán. Ohun ìgbọ́hùn tí a ń kì bọ etí, tàbí ẹ̀rọ ńlá irú èyí tí ó kún Alábà, ni yóò jẹ́ kí ó gbọ́ ọ ní kíkún.

Owó ìyálò

A dé orí ọ̀rọ̀ tí ó lè ná ènìyàn lówó. Nígbà tí Rocksmith jáde ní 2011, rírà ni a ń rà á; ẹni tí ó bá ti sanwó lẹ́ẹ̀kan ti gbà á. Rocksmith+ tí ó tẹ̀ lé e ní 2022 kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣooṣù, tàbí oṣù mélòó kan, tàbí ọdọọdún ni a ń sanwó rẹ̀. Bí owó bá tán, ẹ̀kọ́ àti orin inú rẹ̀ di àtìpa. Bí ọ̀pọ̀ nínú irú ètò yìí ti rí lónìí nìyẹn. Kí ni kí ògbufọ̀ pe irú ìsanwó bẹ́ẹ̀?

“Rírà” kò yẹ, nítorí pé ohun tí a bá rà di tiwa. “Àsansílẹ̀” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó san àsansílẹ̀ fún télọ̀ yóò gba aṣọ rẹ̀ lọ sílé níkẹyìn. Ẹlòmíràn lè fi í wé èésú, nítorí pé oṣooṣù ni a ń dá a. Ṣùgbọ́n owó èésú ń padà sọ́wọ́ ẹni tí ó dá a. Ohun tí ó bá a mu jù lọ ni ọ̀rọ̀ ilé. Ẹni tí ó yá ilé gbé ni ayálégbé. Ó ń san owó ilé, ó ń gbádùn ilé, ilé kì í sì í di tirẹ̀. Nítorí náà, ìyálò ni kí a pe àdéhùn náà, owó ìyálò ni kí a pe owó rẹ̀, ayálò sì ni ẹni tí ń san án. Àwa onímọ̀ èdè ní ọ̀rọ̀ àyálò tiwa. Kò ní pa ìyálò lára, nítorí pé ohun tí a yá ni àyálò, ìṣe yíyá ni ìyálò. Ìyàtọ̀ mìíràn sì wà: ọ̀rọ̀ tí a yá kì í padà sílé olówó rẹ̀, ètò tí a yá lò ń padà ní ọjọ́ tí owó bá tán.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn so mọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fún ènìyàn ní ọjọ́ díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá pè é ní “ìdánwò ọ̀fẹ́”, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé wọ́n fẹ́ dán òun wò ni. Ìtọ́wò ni ó yẹ, bí olóúnjẹ ti ń bu díẹ̀ fún oníbàárà kí ó tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n ní ọjà wa, ẹni tí ó tọ́ ọ wò lè kọjá lọ láìrà. Nínú ètò wọ̀nyí, bí ọjọ́ ìtọ́wò bá pé tí ayálò kò sì fagi lé àdéhùn, owó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú àpò rẹ̀ ní báńkì fúnra rẹ̀. Èyí ni a dá lábàá pé kí a pè ní ìsọdọ̀tun aládàáṣiṣẹ́, kí a sì máa fi àlàyé gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn níbikíbi tí ó bá ti farahàn: “bí o kò bá dá a dúró, a ó máa gba owó rẹ.” Dọ́là ni a sì ń fi díyelé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò náà. Láti oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí Báńkì Àgbà Nàìjíríà fi iye pàṣípààrọ̀ náírà sílẹ̀ fún ọjà, iye tí owó ìyálò kan náà jẹ́ ní náírà ti fò sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lóye àdéhùn tí ó tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” sí lè rí i pé owó oúnjẹ rẹ̀ ti lọ. Ìtumọ̀ tí ó péye níhìn-ín ń dáàbò bo àpò ènìyàn.

Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá

Ọsán: okùn gìtá tí a ń ta.
Ìyá-ọsán, ọmọ-ọsán: ọsán tí ó nípọn jù àti èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù.
Ìdábùú: irin tí ó dábùú ọrùn gìtá.
Àyè: àlàfo láàárín ìdábùú méjì, níbi tí a ń tẹ̀.
Ìwọ̀n ohùn: gíga tàbí ìsàlẹ̀ ohùn tí a lè fi iye ìgbọ̀n kà.
Ipò: ibi tí ohùn kan wà nínú dó-ré-mí, tí a ka ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.
Ìdádúró: àkókò tí ó wà láàárín títa ọsán àti ìgbà tí ẹ̀rọ dá a mọ̀.
Ìró ìpìlẹ̀, ìró àgbàsókè: ìró odindi ọsán àti ìró ìdá rẹ̀.
Ìyálò, owó ìyálò, ayálò: àdéhùn, owó àti ẹni tí ń sanwó fún lílò láìní in.
Ìtọ́wò: lílò ọ̀fẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀.
Ìsọdọ̀tun aládàáṣiṣẹ́: àdéhùn tí ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí ó sì ń gba owó, títí a ó fi dá a dúró.

Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí kíkọ́ béèsì nílò, díẹ̀ ni ó yẹ kí a yá. Onídùndún ti fún wa ní ọsán, ọlọ́jà ti fún wa ní ònkà ipò, ayálégbé ti fún wa ní ìyálò. Iṣẹ́ tí ó kù kì í ṣe ti orí tábìlì wa nìkan. Kí àwọn olùkọ́ orin àti ti físíìsì mú àwọn ọ̀rọ̀ yìí lọ sí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn ògbufọ̀ lò wọ́n nínú àdéhùn àti ìtọ́ni, kí wọ́n sì kọ̀wé sí wa nípa èyí tí ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ gbà àti èyí tí ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò bá gbà, bí ó ti wù kí ó dára tó nínú ìwé, kò tíì di ọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n bá sì ti fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, tí ó sàn ju tiwa lọ, ni a ó fi tayọ̀tayọ̀ kọ sínú àkójọ tí yóò tẹ̀ lé èyí.